Lẹ́tà Mẹ́rin sí Màmá

Àǹtí Kámà ni àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ń pè é lẹ́yìn, òun náà sì mọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkọ, kò sì sí ọjọ́ kan tí kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan pé, "Kámà dà?" Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, ó ń rọra rìn nítorí orúnkún rẹ̀, ó sì máa ń ti bíró pupa bọ inú irun, kó tó di pé ó ń wá a kiri orí tábìlì. Àwọn ọmọ á máa wò ó, ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún un.

Ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n wọlé lẹ́yìn ìsinmi ìgbà òtútù, kíláàsì tutù bí inú kànga. Eruku ti bo àwọn bẹ́ǹṣì, páálí ni wọ́n fi dí ojú fèrèsé kan tó fọ́, àwọn ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n sì ká jọ sínú súwẹ́tà wọn bí ọmọ adìyẹ. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ìṣirò, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé ìjà. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ẹnì kan ti fi súwẹ́tà àlòkù ẹnìkejì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnì kan ti sọ pé ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó tì í ń rùn, ẹni tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sí sì ti ṣẹ́ rúlà mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tí ọ̀gá àgbà ilé ìwé pàṣẹ lọ́jọ́ náà pé kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan fi oṣù yẹn kọ́ ọmọ ní inúure, Àǹtí Kámà ò bá a jiyàn rárá.

Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, inúure kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ sójú pátákó kí ọmọ dà á kọ. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà sí ẹni tó ṣe é lóore tí kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́, òun á ṣàmì sí i, wọ́n á tún un kọ, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ ní tòótọ́, nínú àpò lẹ́tà, pẹ̀lú sítáǹpù.

"Ẹ kọ ọ́ kó mọ́," ó sọ fún wọn. "Lẹ́tà tí a bá kọ dáadáa, kò sí ẹni tó máa kà á tí kò ní dáhùn."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Tirẹ̀ ti bọ́, kò sì gbọ́ ìró rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé. Òmíràn kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé, "Ẹ ṣé tí ẹ ò sọ fún Màmá pé èmi ni mo fọ́ àwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jẹ ẹran inú rẹ̀." Àǹtí Kámà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló mú ti Ìyá Kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ìyá ìyá rẹ̀ ló fún un ní orúkọ yẹn torí pé láti kékeré ló ti máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn rìn bí àgbàlagbà tó ń ro ọ̀rọ̀ ilé. Ìyá tó bí i ti kó ẹrù lọ sí ìlú mìíràn láàárín ìsinmi náà. Iṣẹ́ ló ní òun ń wá lọ. Ọmọ náà kọ ọ́ pé: "Màmá mi ẹ ṣé tí ẹ máa ń di irun mi tí kì í dùn mí. Màmá àgbà máa ń fà á. Ẹ máa bọ̀."

Àǹtí Kámà bá a fi kámà kan sẹ́yìn "Màmá mi", ó sì ní ó dáa gan-an. Wọ́n da àdírẹ́sì kọ láti ara páálí ẹrù kan tí ìyá àgbà mú wá, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó kù.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, èsì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Agbálẹ̀ náà dáhùn pẹ̀lú ìwé ńlá gàdàgbà, bàbá àgbà ẹnì kan fi fọ́tò rẹ̀ ìgbà èwe ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n tó jẹ ẹran sì kọ̀wé pé irọ́ ni. Àǹtí Kámà ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Èsì kan ò dé fún Ìyá Kékeré. Ó tún lẹ́tà rẹ̀ kọ, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n fi ránṣẹ́. Ó kọ ẹ̀kẹta, ó sì fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ àti déètì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Wọ́n fi ránṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí gbogbo ọmọ ti jáde lọ ṣeré, ó mú ẹ̀kẹrin wá síwájú tábìlì, ó sì rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibi tí mo ti ṣì í."

Ó wò ó. Kò rí àṣìṣe kankan. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo lọ́dún tó kọjá ti kọ ojú ìwé kan gbáko láìpa ọ̀rọ̀ kan rẹ́. Àǹtí Kámà ní òun máa mú un lọ sílé kà.

Ó mú un lọ lóòótọ́, àmọ́ ilé ìyá àgbà ló gbà lọ. Aṣọ àwọn èèyàn ni ìyá àgbà náà ń fọ̀ jẹun. Yàrá kan ṣoṣo, okùn aṣọ lọ́tùn-ún lósì, irin ìlọṣọ ń gbóná lórí tábìlì. Ó rán ọmọ náà lọ kó aṣọ fún aládùúgbò kan kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn lẹ́tà náà ń dé. Ó ní òun ti pe ìyá ọmọ náà lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, onítọ̀hún sì jẹ́wọ́ pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan lòun wà, ọkùnrin náà ò sì mọ̀ pé òun ti bímọ rí.

"Kí ni kí n wá ṣe, Tíṣà?" ni ìyá àgbà sọ. "Ọmọ mi ni. Ọmọ ọmọ mi ni. Àti ahọ́n àti eyín, ẹnu mi ni gbogbo ẹ̀ wà."

Àǹtí Kámà gba nọ́ńbà, ó pè. Ó ti to ohun tó máa sọ sílẹ̀, ó tò ó dáadáa bí ìwé àròkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé fóònù ò jẹ́ kó dé ìdajì. Ohùn rẹ̀ kéré, bí ẹni tó wà ní kọ́rọ̀ kan tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo kà wọ́n, Tíṣà. Gbogbo ẹ̀ ni mo kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà mọ́."

Ó sì pa fóònù náà. Àǹtí Kámà dúró lẹ́bàá títì, fóònù ṣì wà létí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, ó jókòó nínú kíláàsì, ó fúnra rẹ̀ kọ èsì lórúkọ ìyá ọmọ náà. Ó yí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ padà. "Ọmọ mi ọ̀wọ́n," ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ nípa irun, ó ní kó fara balẹ̀ fún Màmá àgbà. Lẹ́tà náà dára débi pé omi bọ́ lójú òun tó kọ ọ́. Ìgbà náà ló wá yé e pé ọmọ náà á fèsì, á sì béèrè ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bọ̀. Ó fa lẹ́tà náà ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì kó o lọ dà sínú agbọ̀n ìdọ̀tí kíláàsì mìíràn.

Kò wá ku ohun mìíràn ju òtítọ́ lọ. Ó pe Ìyá Kékeré jókòó tì í.

"Kò sí àṣìṣe kankan nínú lẹ́tà rẹ," ó sọ fún un. "Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin."

Ọmọ náà wò ó. "Tí kò bá sí àṣìṣe, kí ló wá dé tí wọn ò dáhùn?"

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ yìí, oríṣiríṣi ìbéèrè ló ti dáhùn: ìdí tí òṣùpá fi ń tẹ̀ lé èèyàn, ibi tí ajá ń lọ tó bá kú.

"N ò mọ̀, ọmọ mi," ló ní. Ó mọ̀. Kò kàn lè sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. "Mo sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún yín lọ́jọ́ yẹn. Èèyàn lè kọ ọ́ dáadáa kí wọ́n má dáhùn. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tìẹ."

Ìyá Kékeré mi orí bí àgbàlagbà, ó ká lẹ́tà rẹ̀ sí mẹ́rin, ó sì kó ọwọ́ sẹ́yìn padà sí àyè rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, kò kọ lẹ́tà mọ́. Ìṣirò ń lọ, ìwé kíkà ń lọ, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá ti jẹ́ ti lẹ́tà, á kọ déètì, á fa ìlà, á sì dúró síbẹ̀. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọ tó jókòó tì í kọ lẹ́tà kan fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, pé kó wá bá òun ṣeré. Ìyá Kékeré kà á, ó mú pẹ́ńsùlù, ó ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ mẹ́fà, ó sì dá a padà fún un. Ọmọ kejì tún un kọ, ó sì tún gbé e síwájú rẹ̀. Àǹtí Kámà rí gbogbo rẹ̀ láti ibi tó jókòó, kò sì mọ̀ bóyá kó dá sí i tàbí kó fi wọ́n sílẹ̀. Ó fi wọ́n sílẹ̀. Lẹ́tà kejì náà wà lórí tábìlì títí aago fi lù, kò sẹ́ni tó mú un.

Ní ọjọ́ tí wọ́n pa ilé ìwé dé, ìyá àgbà wá gba ìwé èsì ìdánwò. Kò mọ̀wé, ó ní kí Tíṣà bá òun kà á. Àǹtí Kámà kà á fún un: ìṣirò, ìmọ́tótó, ìwà. Nígbà tó dé ìlà tó sọ nípa ìwé kíkọ, ó ka ohun tó kọ síbẹ̀ lálẹ́ àná, pé ọmọ yìí mọ̀wé kọ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

"Inú ìyá rẹ̀ á dùn," ni ìyá àgbà sọ.

Lẹ́yìn náà ló rántí ohun tó sọ, ó wo ilẹ̀, ó sì mú ọmọ náà lọ́wọ́. Wọ́n jáde sí títì, Àǹtí Kámà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn èsì lẹ́tà kúrò lára ògiri, ó ń fi èékánná rọra họ téèpù wọn kí ọ̀dà má bàa ṣí.