Ìjàpá Obadiah àti Àdéhùn Mùtàlíbù

Obadiah kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, kì í pẹ́ dé oko, kì í sì í pẹ́ dé ìdí oúnjẹ. Ibi iṣẹ́ nìkan ló ti ń pẹ́ dé, ẹ̀bi rẹ̀ sì kọ́. Ẹ̀bi Ìjàpá ni.

Ìjàpá ni wọ́n ń pe mọ́tò rẹ̀, Fọ́kìsì aláwọ̀ ewé kan tí ó rà lọ́wọ́ pásítọ̀ ní Awe. Òun ló ń gbé e láràárọ̀ láti Ilora lọ sí Ìbàdàn, bí ọgbọ̀n máìlì, sí ọ́fíìsì ìjọba tí ó ti ń ṣe akọ̀wé. Ní ọ́fíìsì náà, bí aago mẹ́jọ bá ti lù, ọ̀gá wọn á fi bírò fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ ẹni tó buwọ́ lùwé kẹ́yìn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sábẹ́ ìlà yóò gba kúẹ́rì. Lọ́dún 1991 yìí, Obadiah ti gba méjì. Wọ́n ti sọ fún un pé bó bá di mẹ́ta, Kíṣí ni wọ́n ń gbé e lọ.

Kíṣí jìnnà. Ọdún mọ́kànlá ló fi háyà yàrá kan ní Ìbàdàn kí ó tó kọ́ ilé sí Ilora. Òórùn ọ̀dà ilé náà kò tíì lọ tán.

Ní Sátidé kan, ó gbé Ìjàpá lọ sọ́dọ̀ Mùtàlíbù, mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi káṣú ní Fiditi. Mùtàlíbù ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, ó mirí bí ẹni tó wá bẹ aláìsàn wò.

"Bàbá Tolú," ó ní, "ti mọ́tò yìí ti kúrò ní àtúnṣe. Ó ti di ti àdéhùn."

"Àdéhùn wo?"

"Ẹ máa fún mi ní ogójì náírà lóṣooṣù. Ó bàjẹ́ o, kò bàjẹ́ o. Ibikíbi tó bá dákú sí láti Ilora dé Mọ́níyà, màá gun alùpùpù mi wá bá yín. Bí mo bá lè tún un ṣe, màá tún un ṣe. Bí mi ò bá lè tún un ṣe, màá wá bí a ṣe máa fà á wálé."

"Mo ti ní ìnṣọ́ránsì."

"Èyí tí ẹ fi ń han ọlọ́pàá? Ìyẹn ń dúró de ọjọ́ tí ẹ bá forí sọ igi ni. Kí mọ́tò kàn dúró jẹ́ẹ́, kó máa wò yín lójú, ta ló ń sanwó ìyẹn?"

Obadiah ń ṣírò ogójì náírà lọ́kàn.

"Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́," Mùtàlíbù ní. "Tó bá di Sátidé tó ń bọ̀, ẹ fún mi lésì. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ gbé èrò mọ́. Ẹrù ìyá ọlọ́sàn yẹn ló ń pa mọ́tò yín."

Ọ̀rọ̀ èrò yìí ló le. Láràárọ̀ ni Tíṣà Ọlátúndé, tó ń kọ́ni ní Mọ́níyà, ń dúró de Ìjàpá ní Ilora. Ní Fiditi, Ìyá Fàsílátù á ti wà ní ẹ̀bá títì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọsàn méjì. Kò sẹ́ni tó tọrọ ìjókòó lọ́wọ́ Obadiah rí. Ẹni tó ní mọ́tò kò kàn lè rí àgbà lẹ́bàá ọ̀nà kó kọjá. Bó bá kọjá, ìròyìn rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ délé.

Ó ro ọ̀rọ̀ náà fún Rachel, ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Ta ló máa ń ti mọ́tò yẹn tẹ́lẹ̀?" Rachel béèrè.

"Àwọn èrò ni."

"Ẹ wá fẹ́ já wọn sílẹ̀, kí ẹ lè máa sanwó fún ẹni tó máa tì í."

"Rachel, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mò ń sọ."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lèmi náà ń sọ."

Ní Mọ́ńdè, Obadiah wakọ̀ bí ẹni tí ọrùn gan. Tíṣà nawọ́, Obadiah tẹjú mọ́ títì bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan sí i. Ní Fiditi, Ìyá Fàsílátù ti gbé apẹ̀rẹ̀ kan dání. Obadiah tẹná. Nínú dígí, ó rí i tí ó ṣì gbé apẹ̀rẹ̀ náà dání, tó la ẹnu sílẹ̀.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì ló dé ọ́fíìsì. Ọlọ́dẹ bi í pé ta ló kú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè rí. Lóòótọ́, ní ìpàdé àdúrà, "Ẹ káalẹ́" nìkan ni Tíṣà Ọlátúndé kí i, kò béèrè ọmọ, kò béèrè ilé. Ní Ilora, ìkíni tó kúrú tó bẹ́ẹ̀, ìbáwí ni. Síbẹ̀ Obadiah ti ká ogójì náírà sínú àpò àyà rẹ̀ de Sátidé.

Ní Tọ́sìdeè, ó kọjá Fiditi tán, ó kù díẹ̀ kó dé ibi tí ọ̀nà Iware ti yà, Ìjàpá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Aago méje ku ìṣẹ́jú márùndínlógún. Obadiah sọ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Àdéhùn dà? Àdéhùn rèé.

Ó dúró títí kó tó yé e pé Mùtàlíbù kò mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

Ó gbìyànjú láti dá Ìjàpá tì. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó fò wọlé. Kó tó jókòó, mọ́tò ti dúró. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Fiditi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí Mùtàlíbù mẹkáníìkì?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ ni. Alùpùpù rẹ̀ kọ̀, kò jí. Ó ń wá ẹni tó máa bá a tì í."

Obadiah jókòó sórí òkúta. Kíṣí ń rìn bọ̀ wá bá a.

Bọ́ọ̀sì kan sáré kọjá, ó dúró níwájú, ó fẹ̀yìn rìn padà. Orí Ìyá Fàsílátù yọ lójú fèrèsé.

"Obadiah! Ṣé ọrùn ẹ ti ń yí?"

Obadiah dọ̀bálẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú táì lọ́rùn. "Ẹ má bínú, mà."

"Ta ló ń bínú? Mo ní kí n wá fi òrí pa á fún ẹ ni."

Tíṣà Ọlátúndé ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀. Ọkùnrin méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Kọ̀ńdọ́ pariwo pé òun kò ní dá owó ẹnikẹ́ni padà o.

"Ta ló bi ọ́?" Ìyá Fàsílátù ní. "Gbé ọsàn mi sọ̀."

Kò fọwọ́ kan mọ́tò. Ẹ̀bá títì ló dúró sí, ó ń pàṣẹ. "Tíṣà, kúrò lápá òsì, ibẹ̀ gbóná! Obadiah, má tíì tú ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì. Má tíì tú u. Mo ní má tíì... Tú u!"

Ìjàpá bú ramúramù. Oṣù mẹ́rin ni ìyá náà ti ń wò ó tí wọ́n ń tì í. Ó mọ ibi tó ti ń jí.

Kí Obadiah tó yíjú, ìyá náà ti jókòó síwájú, apẹ̀rẹ̀ ọsàn ti wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ Tíṣà. Ní Mọ́níyà, Tíṣà bọ́ sílẹ̀ kí mọ́tò tó dúró tán. Ní ọ́fíìsì, ọ̀gá ti ṣí ìdérí bírò pupa. Obadiah na ọwọ́ eléruku rẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀, ó buwọ́ lùwé. Ìlà náà kan ìdí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ló gbà.

Ní Fúráìdè, ó dúró ní Fiditi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nawọ́. Mùtàlíbù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Fàsílátù, ó fi ìwé ìròyìn wé irin kan dání.

"Bàbá Tolú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé Géètì ní Ìbàdàn, ẹ̀yà alùpùpù mi ni mo fẹ́ lọ pààrọ̀. Ọ̀rọ̀ àdéhùn wa ńkọ́?"

"O ní n kò gbọdọ̀ gbé èrò."

"Háà, mẹkáníìkì kì í ṣe èrò!"

Obadiah fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀. Owó tó ká síbẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́: Rachel ti fi ra ẹ̀wà.

"Wọlé," Ìyá Fàsílátù, tó ti wọ mọ́tò, dá Mùtàlíbù lóhùn láti ìjókòó iwájú. "Ṣùgbọ́n tó bá dákú, apá ọ̀tún ni kó o tì o. Apá òsì gbóná."

Mùtàlíbù wọlé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn lé itan.