Wọ́n Fi Ìdákẹ́jẹ́ Dárò Prẹ́míà

Raymond kú nínú fúláàtì tó kọjú sí tèmi ní Thamesmead, nílùú ọba níbí. Òkú rẹ̀ ṣì wà ní mọ́ṣúárì. Kò bímọ, ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wá gbà á. Wọ́n ní èmi kì í ṣe ẹbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́. Prẹ́míà ni. Ó ṣe olórí ìjọba ìpínlẹ̀ kan ní Ọsirélíà kí Joan, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Woolwich, tó mú un wá síbí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí Prẹ́míà tiwa nílẹ̀ Yorùbá bá ń bọ̀ nílùú wa, àwọn ọmọ iléèwé á tò sẹ́bàá títì. Àwa tí wọn ò rán níléèwé á dúró lẹ́yìn wọn, a ó máa na ọrùn.

Mo lọ sí káńsù nítorí òkú Prẹ́míà. Àràmídé, ọmọ Yorùbá tó ń bójú tó òkú tí kò lẹ́bí níbẹ̀, wò mí.

“Daddy, ẹ ní Premier? Kíláàbù wo ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún? Ṣé Charlton?”

“Charlton tó ti já kúrò ní Premier tipẹ́tipẹ́? Olórí ìjọba ni mo wí!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀ mí. Mi ò bá a wí. Ta ló sọ fún un rí?

Ọmọ awakọ̀ ojú irin ni Raymond. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó di aṣòfin, ó di Prẹ́míà. Òun ló fa omi ẹ̀rọ dé àwọn ìlú inú aṣálẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí òjé, tó jẹ́ májèlé, nínú omi ìlú kan, láti iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní kó dákẹ́ títí ìbò yóò fi kọjá. Ó dìde nílé ìgbìmọ̀, ó ní, “Ẹ má fún àwọn ọmọ yín ní omi yẹn mu.” Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn èèyàn rẹ̀ ti dìbò yọ ọ́.

Mo bi í nígbà kan pé, “Prẹ́míà, ṣé o kábàámọ̀?”

“Chief,” bó ṣe máa ń fi mí ṣàwàdà nìyẹn, “ohun tó dùn mí ni pé wọ́n gba mọ́tò ìjọba kí n tó délé. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Raymond ló ń wá jókòó tì mí. Tíì ló máa ń pò fún mi, kò sì mọ̀ ọ́n pò. Mo mu ún.

Ọmọ mi Ayọ̀mípọ̀sí bá mi pe ẹgbẹ́ òṣèlú Raymond ní Ọsirélíà lórí fóònù. Ọkùnrin kan, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ní, “A ti bu ọlá fún un, Sà. Gbogbo ilé ìgbìmọ̀ dìde, a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.”

“Ta lẹ ń rán wá sin ín?”

“Ọ̀nà jìn, Sà.”

Ọ̀nà jìn! Ṣé ọ̀nà ò jìn nígbà tó ń fa omi la aṣálẹ̀ já ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń lẹ àwòrán rẹ̀ káàkiri bí ìbò bá ti dé, ẹ mọ ojú rẹ̀, ẹ ò wá mọ òkú rẹ̀? Ọkùnrin tí ẹ lé nítorí pé kò dákẹ́, dídákẹ́ lẹ wá fi ń dárò rẹ̀?

Àràmídé ti bá mi bẹ káńsù, wọ́n sì ti gbà: ẹ̀gbẹ́ ibojì Joan ní Plumstead la ó sin ín sí, mo sì máa kọ Prẹ́míà sára òkúta rẹ̀. Ẹ rán ẹnì kan wá. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan nínú yín dìde nínú ilé ìgbìmọ̀ yẹn kan náà, kó dárúkọ ẹni tó ní kí Raymond dákẹ́ lórí omi yẹn, kó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ ti dákẹ́ tó. Ẹ sọ̀rọ̀.