Ohun tí Lùkúmàn Bá Lábẹ́ Ọ̀dà Pijó Alájì Bẹ̀llò

Nínú ọgbà iṣẹ́ Lùkúmàn ọmọ Ìlọrin, ní ìhà Wadata ní ìlú Niamey, orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ kí ó tó tún dìde. N kò sọ àsọdùn. Bí ó bá ń tú ọkọ̀ ògbólógbòó palẹ̀, gbogbo ohun tí ó bá yọ lára rẹ̀ ni yóò tò sórí yanrìn ní ipò tí ó ti yọ ọ́: ti òsì sí apá òsì, ti ẹ̀yìn sí apá ẹ̀yìn, títí kan ègé irin tí ìpẹtà ti jẹ títí ó fi fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Kò ní da ohunkóhun nù títí ọkọ̀ náà yóò fi jáde lọ́gbà. Àwọn panẹ́bítà ẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn ará ìlú ń pè ní tólíyè, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń tẹ́ òkú ọkọ̀ sílẹ̀ de lèmọ́mù. Òun a rẹ́rìn-ín, a ní, "Ẹni tí kò mọ bí òkú ṣe kú, báwo ni yóò ṣe jí i?"

Ọ̀dọ́ ni nígbà tí ó tẹ̀lé àbúrò bàbá rẹ̀, tí í ṣe àlùfáà, wá sí Niamey. Àlùfáà fẹ́ kí ó di oníkéwú bí òun, ṣùgbọ́n bí Lùkúmàn bá ti jókòó ti wàláà, etí rẹ̀ a máa ṣí lọ sí ibi tí òòlù ti ń dún. Nígbà tí ó yá, àlùfáà fúnra rẹ̀ ni ó fà á lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá panẹ́bítà kan. Ó ní, "Bí ó bá jẹ́ pé inú irin ni Ọlọ́run fi kéwú tìrẹ sí, lọ kà á kí ó já geere." Ó sì kà á. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun wàyí, Zuhrah ọmọbìnrin rẹ̀ ti wà nílé ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ní ọkọ̀ àtijọ́ tí wọn kò fẹ́ kí ó parun ń wá a kiri gbogbo ìlú.

Ní ọdún tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kọ́kọ́ figagbága nínú ìdìbò ní Niger, nígbà tí kò sí ògiri kan tí wọn kò lẹ àwòrán olùdíje mọ́, ni Àhmàd, ọmọ olóògbé Alájì Bẹ̀llò, so okùn mọ́ Pijó 404 bàbá rẹ̀, tí ó wọ́ ọ wá bá Lùkúmàn. Ọmọ Ìlọrin tí ń ṣòwò aṣọ ní àdúgbò Kalley ni Alájì Bẹ̀llò. Tuntun ni ó ra ọkọ̀ náà ní Kútọnu, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì wà á dé Niamey. Nígbà tí ó dàgbà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kú mọ́ ọn lára, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi jáde láyé. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti wà lábẹ́ igi dóńgóyárò nínú àgbàlá. Àhmàd, tí ń gbé ní àdúgbò Dar es Salam nínú Niamey kan náà pẹ̀lú aya rẹ̀, ní òun fẹ́ kí ọkọ̀ bàbá òun padà rí bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó wọ ìlú. Ìyá tirẹ̀ ti kú tipẹ́. Màríámọ̀, ìyàwó tí Alájì fẹ́ gbẹ̀yìn, nìkan ni ó kù nínú ilé Kalley. Ìyá Kékeré ni Àhmàd ń pè é. Ó ń bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ náà tutù bí omi àmù.

Lùkúmàn fi òòlù kékeré kan irin tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó dún pọ̀ọ́, bí ìgbà tí a bá lu ògiri amọ̀. Irin kì í dún bẹ́ẹ̀. Ó mú irin pẹlẹbẹ ẹlẹ́nu mímú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Ọ̀dà ṣí. Másítíìkì, ìyẹn ìpara líle tí àwọn panẹ́bítà fi ń dí ojú ihò, ṣí tẹ̀lé e. Ó nípọn ju ìka méjì lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ihò gbàgàdà ni irin dá. Láti inú ihò náà ni ìdì kan ti já bọ́ sórí yanrìn: awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi wé e, òwú pupa ni wọ́n fi dì í yíká-yíká, wọ́n sì rì í bọ inú kólítà títí ó fi dúdú kirikiri. Ẹni tí a bá bí sí àdúgbò àwọn àlùfáà ní Ìlọrin ti rí irú rẹ̀ lọ́rùn ọmọdé àti ní ìbàdí àgbà. Tírà ni.

Lùkúmàn, ẹni tí kì í bẹ̀rù iná tàbí irin, fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Àhmàd, tí ó lóṣòó tì í, na ìka sí ìdì náà.

"Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí."

"Àhmàd, dákẹ́ ná."

"Ẹ má pa mí lẹ́nu mọ́, Bàbá. Ẹsẹ̀ wo ló kú mọ́ bàbá mi lára? Ti òsì. Níbo ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń wà tí ó bá ń wakọ̀? Òkè ibí yìí gan-an. Ta ló sì gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe nígbà tí bàbá mi lọ sí Ìlọrin? Ìyá Kékeré ni. Mo wà nílé, ojú mi ló ṣe. Bàbá mi dé, kò pẹ́, kò jìnnà, kò lè dìde mọ́. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni," Lùkúmàn fèsì.

"Mi ò dá a lẹ́jọ́. Bí a bá kírun Jímọ̀ tán, n ó gbé nǹkan yìí síwájú àwọn àgbà Ìlọrin tí wọ́n wà ní Niamey níbí. Àwọn ni yóò sọ fún un pé kí ó jáde nílé bàbá mi."

"Kí ó lọ síbo?"

"Kí ó padà sí Ìlọrin."

"Sí ilé ta ni? Òbí rẹ̀ méjèèjì ti kú, kò sì bímọ."

"Ìyẹn ò kàn mí, Bàbá."

Lùkúmàn wo ìdì dúdú náà lórí yanrìn. Ó mọ̀ pé bí kò bá rí nǹkan mìíràn nínú ọkọ̀ náà, a jẹ́ pé òòlù òun ni ó lé opó kan sí ìgboro, orúkọ apọkọ yóò sì bá a dé ibojì.

"Fi ìdì yìí sílẹ̀ níbí," ni ó wí níkẹyìn. "Ọ̀tún kù, ẹ̀yìn kù. Ọkọ̀ tí n kò tíì tú tán, n kì í sọ ohun tí ó ṣe é. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

"Ó di Jímọ̀, Bàbá. Mi ò ní dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Lùkúmàn ka Áyátùl-Kúrúsì, ó sì dojú kọ apá ọ̀tún. Pọ̀ọ́. Ó fá a. Ìdì kan já bọ́. Ó bọ́ sí mọ́gáàdì ẹ̀yìn. Ìdì mìíràn tún já bọ́. Abẹ́ búùtù náà kò gbẹ́yìn. Ó tò wọ́n sórí yanrìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, olúkúlùkù ní ẹ̀gbẹ́ irin tí ó ti yọ ọ́, ó wá sún sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n. Èyí tí ó ti inú ihò gbọọrọ jáde rí gbọọrọ. Èyí tí ó ti inú ihò roboto jáde rí roboto. Tírà tí àlùfáà bá rán a máa ní igun mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kò sí èyí tí í gba ìrísí ihò tí ìpẹtà lu. Lùkúmàn ṣe Bísímílàhì, ó fi ọ̀bẹ la ọ̀kan. Kò bá bébà, kò bá tàdáwà. Àjákù awọ pupa ni ó bá, àti gìgísẹ̀ sàlúbàtà kan tí ojú abẹ́rẹ́ ṣì hàn lára rẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pe Àhmàd. Àhmàd wo gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ tún le sí i.

"Àṣé ó rì í yí ọkọ̀ ká ni!"

"Àhmàd, àlùfáà wo ló ń fi gìgísẹ̀ sàlúbàtà ṣe tírà? Dárúkọ rẹ̀ fún mi kí n máa sá fún un."

Lùkúmàn gbé awọ náà sókè sínú oòrùn. Irú awọ pupa yìí, àwọn oníṣẹ́ awọ Wadata ni wọ́n ń fi í ṣe bàtà. Ó di ìdì kan sínú aṣọ, ó ní, "Jẹ́ ká lọ."

Àgbàlagbà onísàlúbàtà kan yẹ awọ náà wò, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ẹni tí ó ń kó àjákù àwọn rí àfi Boubacar tólíyè. "Ní alaalẹ́ ni yóò wá bá wa gbálẹ̀ ìsọ̀. Àwa rò pé inú rere ni!" Ó nawọ́ sí abẹ́ igi kan lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí bàbá arúgbó kan jókòó sí lórí ẹní.

Ọmọ Sáwámà, ẹ̀yà àwọn onílẹ̀ Niamey, ni Boubacar, ó sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. "Fofo, fofo," ni ó ń wí, tí ó fi ń kí wọn káàbọ̀. Èdè Haúsá ni wọ́n jọ sọ. Bí Lùkúmàn ti tú aṣọ, Boubacar na ọwọ́ sí ìdì náà bí ẹni tí ó rí ọmọ rẹ̀ tí ó ti ìrìn àjò dé.

"Kai! Iṣẹ́ ọwọ́ mi! Kò tíì jẹrà?"

"Tìrẹ ni?"

"Ta tún ni? Bí ihò bá tóbi, másítíìkì nìkan yóò jìn sínú. O ní láti fi nǹkan tì í lẹ́yìn. Àwọn kan a máa ki bébà bọ̀ ọ́, àwọn kan a máa ki àpò sìmẹ́ńtì. Èmi, awọ ni. Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ jákujàku."

Àhmàd gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Òwú pupa ńkọ́?"

"Pupa ni wọ́n dà sílẹ̀. Ká ní dúdú ni wọ́n dà sílẹ̀, dúdú ni ǹ bá fi dì í. Àbí kí awọ tú kí kólítà tó gbẹ?"

"Ẹ rántí Pijó funfun kan? Ta ló gbé e wá bá yín?"

Boubacar wò ó lójú. "Obìnrin Yoòbá kan. Mo ha lè gbàgbé? Orí korobá tí ó dojú dé ló jókòó sí nínú oòrùn, ó ní òun ò lọlé títí n ó fi ṣe é tán. Ó ní ọkọ òun fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju ara rẹ̀ lọ, òun sì fẹ́ kí ó ti àjò dé, kí ó bá a ní funfun báláú. Gbogbo ìgbà ló ń bi mí: ṣé ó lágbára, ṣé ó lágbára? Mo ní irin ilẹ̀ Faransé ni mo fi sí i."

"Irin ilẹ̀ Faransé!" Lùkúmàn pariwo. "Boubacar, o ò bẹ̀rù Ọlọ́run!"

"Ẹ má dá mi nìkan lẹ́jọ́," ni arúgbó náà wí, ó sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí ògiri iwájú wọn, níbi tí àwọn olùdíje ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú àwòrán. "Gbogbo ìwọ̀nyí náà ní àwọn fẹ́ tún Niger ṣe. Ẹ fá wọn wò. Ẹ óò bá awọ ewúrẹ́ níbẹ̀."

Ẹ̀rín gbé Lùkúmàn lọ, irú èyí tí kò rín láti ìgbà tí ìdì àkọ́kọ́ ti já bọ́. Nígbà tí yóò fi wẹ̀yìn, Àhmàd ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ń wí pé, "Àlùhàmúdù lílàhì," léraléra, bí ẹni tí a sọ ẹrù wúwo kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Wọ́n gba Kalley lọ. Ọ̀rọ̀ tírà ti ṣíwájú wọn débẹ̀, nítorí Àhmàd kò kó ẹnu rẹ̀ ní ìjánu láàárín àwọn ará ilé. Àpótí Màríámọ̀ méjèèjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi okùn dì wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ jókòó lórí àpótí ìdáná, kò dìde.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Zuhrah. Ṣé ẹ̀yin náà wá sìn mí dé ibùdókọ̀ ni?"

Àhmàd dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn. "Ìyá Kékeré, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe tírà. Awọ sàlúbàtà ni. Ẹni tí ó tún ọkọ̀ ṣe ló fi dí ihò."

Obìnrin náà kò mira. "Kí lo pè é?"

"Awọ sàlúbàtà, Mà."

"Nínú ọkọ̀ Alájì?" Ó dìde wúyà. "Ọkùnrin yẹn! Irin ilẹ̀ Faransé ló ní òun fi sí i! Mo jókòó sínú oòrùn títí orí fi ń fọ́ mi, èmi náà ni mò ń bu omi fún un mu! Ó ṣì wà láàyè?"

"Ó wà láàyè, Alájà. Ẹ ṣe sùúrù."

"Sùúrù kẹ̀? Ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀!" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu kí ó tó parí ọ̀rọ̀, omijé sì ń bá ẹ̀rín náà ṣàn wálẹ̀. Ó tún jókòó, ó fi etí ìborùn nu ojú. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Bàbá Zuhrah, mo mọ̀ pé n kò ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé ṣé ẹnìkan fi ọwọ́ mi pa á, tí n kò mọ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹun. Kì í ṣe ti ilé."

Ó wo Àhmàd tí ó ṣì wà nílẹ̀.

"Dìde, jàre. Yanrìn ti wọ̀ ọ́ nímú. Bàbá rẹ pàápàá kò dọ̀bálẹ̀ fún mi tó báyìí nígbà tí ó ń wá mi fẹ́."

Àhmàd dìde, ó gbọn ara, ó gbé àpótí àkọ́kọ́ lé èjìká, ó sì gbé e wọlé. Ó padà wá gbé èkejì. Màríámọ̀ dá iná, ó gbé ìkòkò tíì ka orí rẹ̀. Lùkúmàn ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò kí tíì tó hó, oorun sì gbé e lọ lójijì. Nígbà tí Àhmàd fẹ́ jí i, Màríámọ̀ dá a dúró.

"Fi í sílẹ̀, jẹ́ kí ó sùn."

Àwọn méjèèjì jókòó ti iná, wọ́n ń mu tíì, wọ́n sì ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ jiyàn lórí irú funfun tí ọkọ̀ Alájì jẹ́ gan-an. Àhmàd ní funfun bí ẹyin adìẹ òyìnbó ni. Màríámọ̀ ní rárá o, funfun bí wàrà tí ó ti ń di òrí ni, ta ló fẹ́ kọ́ òun?