Ìrékọjá tí Màámi Jẹ

Ní ìjọ wa ní Ṣàgámù, bí ó bá ti tó àsìkò láti jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, àwọn kan máa ń dìde, wọ́n á sì jáde. Ẹnikẹ́ni kì í lé wọn. Wọ́n kàn mọ ara wọn ni. Màámi wà lára wọn. Ìyàwó kẹta ni wọ́n jẹ́ fún bàbá mi, òfin ìjọ sì ni pé obìnrin tó bá bá orogún pín ọkọ kò gbọdọ̀ dé ibi tábìlì Olúwa. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn àti obìnrin mẹ́rin mìíràn máa ń jókòó sí, títí àwa tó mọ́ yóò fi jẹ tán, tí a ó nu ẹnu. A kì í sáà ní kí wọ́n jáde kí a tó gba ọrẹ.

Bàbá mi ti kú láti ogún ọdún ó lé. Mo rò pé ikú ti tú ìdè náà, mo bá kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìjọ. Wọ́n ní kí n dúró kí àlùfáà tuntun dé. Nígbà tí ìyẹn dé, ó ní kí n tún un kọ, nítorí a ò rí ti àkọ́kọ́ mọ́. Kó tó ka èkejì, wọ́n ti gbé e lọ sí ìjọ mìíràn. Lẹ́tà kẹta wà nínú fáìlì kan tí eku ń kà ju ìgbìmọ̀ lọ.

Màámi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí àwọn jẹ Oúnjẹ Olúwa kí àwọn tó kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n máa ń gba ààwẹ̀ láti àárọ̀, bí àwa tí a fẹ́ jẹ ẹ́ ṣe máa ń gbà á. Wọ́n á gba ààwẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á wá lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò. Inú máa ń bí mi débi pé àkàrà náà kì í dùn lẹ́nu mi.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí àlùfáà wa ti ìsinsìnyí fi lọ sí Jerúsálẹ́mù, tó sì bọ̀. Ọmọdé ni lójú mi, àbúrò mi àbíkẹ́yìn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lọ Jerúsálẹ́mù bọ̀, kò sí bí a ò ṣe ní í gbọ́. Ó ní a ò mọ ohun tí à ń jẹ. Ó ní Oúnjẹ Olúwa ní ìyá, Ìrékọjá sì ni ìyá náà; pé níbi tí Jésù ti ń jẹ Ìrékọjá ló ti mú àkàrà, tó súre sí i, tó bù ú. Nítorí náà, ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, gbogbo ìjọ yóò jẹ Ìrékọjá nínú gbọ̀ngàn bí Mósè ṣe là á sílẹ̀: ẹran àgbò, ewé kíkorò, àkàrà aláìwú, bàtà lẹ́sẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, lórí ìdúró. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ni yóò wá, tọmọdé tàgbà, kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ́kù sílé.

Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ìdáná. Ẹ̀jẹ̀ ara òpó ilẹ̀kùn nìkan ni Bàbá Ìjọ, àgbà pátápátá nínú ìgbìmọ̀, kò gbà. Wọ́n ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilẹ̀kùn ni, kí áńgẹ́lì máa dá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àgbò ọlọ́dún kan tí kò lábàwọ́n ni Bíbélì wí. Ta ló mọ̀ ọ́n yàn bí kò ṣe Àlàájì tó ń ṣòwò obì, tí ilé wọn kọjú sí tiwa? Wọ́n bá mi dé ọjà ẹran, wọ́n ya àgbò lẹ́nu wo eyín rẹ̀, wọ́n wo ojú, wọ́n wo pátákò. Mẹ́ta ni wọ́n kọ̀ kí wọ́n tó mú ẹyọ kan. Nígbà tí mo sọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe, wọ́n dúró wò mí.

"Ṣé ẹ̀yin náà ti fẹ́ máa ṣe Iléyá ni?"

"Rárá o, Àlàájì. Ìrékọjá ni."

"Àgbò ni, kò gbọdọ̀ lábàwọ́n, gbogbo ilé ló sì máa jẹ níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Ẹ kú ọdún o."

Àlàájì náà ló bá wa dú u, nítorí kò sí ẹyọ ọkùnrin kan nínú ìjọ tó fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ta sí òun láṣọ. Ibi tí wọ́n kọjú àgbò náà sí kí wọ́n tó dú u, mi ò béèrè.

Màámi ló yan àkàrà: ìyẹ̀fun, omi, iyọ̀ díẹ̀, nínú páànù. Ewúro ni a fi ṣe ewé kíkorò. Àlùfáà ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́, kó lè korò bí ìyà Íjíbítì. Àwọn obìnrin gbọ́, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," wọ́n sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ wọn ò tiẹ̀ bi wọ́n léèrè. Wọ́n fi irú sí i, wọ́n fi edé sí i. Ìyà Íjíbítì dùn débi pé àwọn kan gbé abọ́ padà wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a dúró tìdílé tìdílé nínú gbọ̀ngàn. Agbòòrùn ni Bàbá Ìjọ fi ṣe ọ̀pá. Àlùfáà mú ọ̀kan nínú àkàrà Màámi, ó ní ẹ̀kọ́ lòun fẹ́ kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ohun tó ti mọ́ni lára kì í gbọ́ ẹ̀kọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan àkàrà báyìí, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó gbé e sókè, ó ka àdúrà ìyàsímímọ́ látòkèdélẹ̀, ó ka ti ife náà, gbogbo wa sì dáhùn pé, "Àmín." Ó wá ní kí àgbà ilé kọ̀ọ̀kan bù ú fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Màámi ni àgbà ilé tiwa. Wọ́n bù ú fún mi, wọ́n bù ú fún àwọn ọmọ mi, wọ́n wá bu tiwọn, wọ́n sì jẹ ẹ́. Nígbà tí ife dé ọ̀dọ̀ wọn, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gbà á. Omi ń bọ́ lójú wọn sínú rẹ̀. Mo bojú wòkè kí n má baà bú sẹ́kún láàárín èrò.

"Àlùfáà," ni Bàbá Ìjọ bá wí láti iwájú, "kí la jẹ yìí? Ṣé Ìrékọjá ni àbí Oúnjẹ Olúwa?"

"Bàbá, ohun tí mò ń kọ́ yín láti àárọ̀ náà nìyẹn. Ọ̀kan náà ni wọ́n."

"Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni, ìyàwó kẹta ti jẹ ẹ́."

Àlùfáà wo àkàrà ọwọ́ rẹ̀, ó wo Màámi. Tó bá ní kì í ṣe Oúnjẹ Olúwa, Jerúsálẹ́mù tó lọ ti já sófo. Tó bá ní òun ni, òfin ìjọ ti fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e lórí. Màámi bu ewúro sínú abọ́, wọ́n gbé e lọ bá Bàbá Ìjọ.

"Ẹ jẹ ẹ́, Bàbá," ni wọ́n wí. "Kò korò."

Ohun tí lẹ́tà mẹ́ta ò lè ṣe, òkèlè kan ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àlùfáà fúnra rẹ̀ ló mú ìwé wá sílé. Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i pé Màámi lè máa jẹ Oúnjẹ Olúwa, bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́rú, ọjọ́ kan ṣáájú Ìrékọjá tí a ti jẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbàgbọ́. Àwọn àgbà ti bá Ọlọ́run ṣe àtúnṣe kàlẹ́ńdà.

Màámi gbọ́ ọ tán, wọ́n béèrè ìbéèrè kan ní ẹ̀ka-èdè Akaka, ìlú tí wọ́n ti bí wọn, mo sì ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún àlùfáà: àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó sábẹ́ máńgòrò ńkọ́?

"Màmá, orúkọ tiyín nìkan ló wà níbẹ̀," ni àlùfáà dáhùn.

"Ẹ ṣé gan-an, Àlùfáà. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti jẹ."

Nígbà tí ọjọ́ Oúnjẹ Olúwa tún pé, tí àsìkò tó, Màámi dìde bí ìṣe wọn, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde lọ sábẹ́ máńgòrò. Wọn ò gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín méjì ni wọ́n jẹ kí a tó kúrò nílé.