Wọ́n Ní Pàṣípààrọ̀ Tèmi Ló Dára Jù, Mi Ò sì Mọ Ẹni Tó Jèrè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun kan tó ṣe mí nígbà tí eegun mi ṣì le. Ó ti pẹ́ gan-an, àmọ́ bí mo bá rántí ẹ̀, orí mi ṣì máa ń dà rú.

Kí ló mú mi rántí ẹ̀? Mo rí i lórí fóònù pé àwọn kan ń to gbogbo pàṣípààrọ̀ tí ẹgbẹ́ baskẹ́ẹ̀tì kan l'Amẹ́ríkà ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: èyí tó dára jù lọ, èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń bú ara wọn lórí ẹ̀! Mo ní háà, àwa náà ti ṣe irú èyí rí ní Bantè, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, èmi gan-an sì ni ẹni tí wọ́n pààrọ̀.

Ayé ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámáràdì ni. Alájì Ràsákì, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta epo alùpùpù lẹ́bàá títì ní Bantè, ló dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Ẹ má bi mí bí baskẹ́ẹ̀tì ṣe gba ẹni tó ń ta epo lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ irin róbótó méjì, a kàn wọ́n mọ́ igi tíìkì, terẹ́ẹ̀nì, ìyẹn pápá ìṣeré wa, ti dé nìyẹn. Ó ń ra bàtà fún wa, ó ń bọ́ wa, ó sì ń fún wa ní nǹkan díẹ̀ lóṣooṣù. Bí ẹ bá gbọ́ bí a ṣe ń pe ara wa ní pọrofẹsiọ́nẹ̀ẹ̀lì, ẹ ó rẹ́rìn-ín!

Kò sí ẹgbẹ́ kankan lágbègbè wa tó lówó láti ra ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù í jù. Pípààrọ̀ là ń pààrọ̀. A bá Gouka ṣe é, a bá Atokoligbé ṣe é, ọ̀nà àáró la sì ń gbà ṣe é, torí ọmọ oko ni gbogbo wa.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgboro, ẹ jẹ́ kí n là á fún yín. Mo wá bá ọ kọ ebè lóko rẹ lónìí, ìwọ náà á wá bá mi kọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, àáró nìyẹn. Ó ní òfin tiẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Olóko ló ń bọ́ ẹni tó wá. Ẹni tó wá kì í sì í ní òun ti fẹ́ máa lọ, kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀lẹ. Olóko ló máa wo oòrùn, tó máa ní, "Ó tó, ẹ kú iṣẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n jẹ ní àáró kì í lọ béèrè ẹ̀. Ìtìjú ńlá ni! Ẹni tó jẹ ẹ́ ló ń mọ̀ fúnra ẹ̀.

Ó dáa. Lọ́jọ́ kan, Alájì pè mí, ó ní ẹgbẹ́ Savalou fẹ́ èmi Sùlé, torí mo kúrú, mo yára, mo sì mọ bọ́ọ̀lù í pín. Wọ́n máa fún wa ní Kọ́sì, ọmọ Djaloukou kan lápá Savalou níbẹ̀, ó ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù Alájì. Ó ní ṣé mo gbà? Ta ni mí tí màá ní mi ò gbà? Mo di ẹrù mi, mo gun alùpùpù, ó di Savalou. Kọ́sì wá sí Bantè. Nítorí òfin àáró yẹn, ilé wa ni wọ́n fi í wọ̀ sí, ọ̀dọ̀ ìyá mi, nínú yàrá mi.

Mo gbà pé sáà kan ni. Sáà kan parí. Mo di ẹrù mi, mo jókòó, mò ń retí kí Mẹ̀ṣié Dòsú sọ pé ó tó. Mẹ̀ṣié Dòsú ni tíṣà tó ń darí ẹgbẹ́ Savalou. Kútọnu ló ti wá, kò mú ọkọ́ lọ́wọ́ rí. Kò sọ nǹkan kan! Ó kàn ní kí n má pẹ́ dé terẹ́ẹ̀nì lọ́jọ́ kejì. Mo tú ẹrù mi.

Sáà mìíràn tún parí. Kò sọ nǹkan kan náà. Mo ti ń kọ́ iṣẹ́ jíjó irin nígbà yẹn, mo ti ń gbọ́ èdè Mahi, gààrí Savalou sì ti bá mi lára mu. Àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Bí mo bá lọ kí ìyá mi nígbà ọdún, gbogbo wọn á dì mọ́ mi, a ó jẹ, a ó mu, kò ní sí ẹni tó máa ní, "Sùlé, dúró." Kọ́sì á gbé àpò mi jáde, á bá mi dúró de ọkọ̀. Ọmọkùnrin náà mà lọ́yàyà o! Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Bí mo bá ti wọkọ̀ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń jẹ mí lọ́kàn títí màá fi dé: ṣé àwọn ará ilé mi ti fi mí tọrẹ ni?

Ẹ wá gbọ́ ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ tú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ, mo lọ síbi ìkómọ. Lọ́sàn-án, mo ní kí n yà kí Alájì. Mo gbọ́ ariwo láti ọ̀nà jíjìn, mo rò pé ìjà ni. Kì í ṣe ìjà! Bùrọ̀dá Lámídì, kápẹ́tẹ́ẹ̀nì wa, ló jókòó sórí àgbá òfìfo, tó ń to àwọn pàṣípààrọ̀ tí ẹgbẹ́ ti ṣe láti ọjọ́ tí Alájì ti dá a sílẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yí i ká, Kọ́sì wà láàárín wọn.

Ipò kẹta, ó ní, ni ti Gouka. A fún wọn ní ẹnì kan tí kì í dé sí eré àfi tí eré bá ti dé ìdajì, wọ́n fún wa ní ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ kì í tàsé. Ipò kejì ni ti Atokoligbé. A fún wọn ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń bá ara wọn jà lórí pápá, wọ́n fún wa ní ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ní alùpùpù tirẹ̀. Àwọn kan ní rárá, ìyẹn ló yẹ kó ṣe ìkíní, ṣé a ti gbàgbé ìyà tí ẹsẹ̀ wa ti jẹ kí alùpùpù yẹn tó dé ni? Ariwo ta.

Lámídì gbọ́wọ́ sókè. Ó ní ìkíní kò ní àríyànjiyàn: Sùlé sí Savalou, Kọ́sì sí Bantè!

Gbogbo wọn pariwo. Ẹ̀yin èèyàn, inú mi dùn! Mo rẹ́rìn-ín, mo juwọ́ sí wọn bí ẹni tó ṣẹ́gun. Wọ́n pe orúkọ mi sípò kìíní, ṣé kí inú mi má dùn ni?

Ẹ̀yìn ìgbà tí mo jókòó ni ọpọlọ mi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ dúró ná. Ẹgbẹ́ Bantè ló ní pàṣípààrọ̀ yẹn dára jù fún òun. Bí pàṣípààrọ̀ bá dára fún ọ, ohun tí o gbà ju ohun tí o fi sílẹ̀ lọ. Kọ́sì ni wọ́n gbà. Kí ni wọ́n fi sílẹ̀? Èmi ni! Á jẹ́ pé nínú gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ yìí ti gbé fún èèyàn láti ìgbà tó ti wà, èmi ni wọ́n láyọ̀ jù pé ó lọ? Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi.

Mo dìde, mo ní Bùrọ̀dá Lámídì, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ní lọ́kàn gan-an? Ó ní, ṣé mi ò rí Kọ́sì ni? Mo ní mo rí Kọ́sì, èmi ńkọ́? Ojú ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, ṣebí ìwọ lo kọ̀ tí o ò padà.

Èmi? Mo kọ̀?

Alájì tó ti ń wò wá látẹ̀yìn káńtà wá dá sí i. Ó ní òun ti ń retí kí Dòsú dá mi padà láti ìparí sáà àkọ́kọ́. Ó ní ṣé kí òun wá máa lọ sin gbèsè àáró bí ẹni tí kò nítìjú? Ó ní òun gbà pé Savalou ló dùn mọ́ mi. Mo ní, Alájì, mo di ẹrù mi tì sẹ́nu ọ̀nà! Mò ń dúró kí Dòsú ní ó tó!

Àfi bí Kọ́sì ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú ẹ̀, a ò wá mọ̀ bóyá ẹ̀rín náà ni tàbí ẹkún. Ó ní, "Sùlé, Ọlọ́run ló mọ̀ pé ìwọ ni mò ń dúró dè! Mo ní bí ìwọ bá dé, Alájì á ní ó tó, èmi náà á máa lọ sí Djaloukou. Gbogbo ìgbà tí o bá wá, màá ní ó ti dé nìyẹn. O ò sì ní sùn ju alẹ́ kan lọ, wàá tún ní kí n bá ẹ gbé àpò!"

Ẹni tí mo rò pé ó jókòó sípò mi, òun náà ń retí kí n wá gba ipò mi. Ta ni kí n wá bínú sí báyìí?

Alájì ní kò burú, ká lọ bá Dòsú. Èmi, Kọ́sì àti Alájì kó sórí alùpùpù kan, ó di Savalou. Mẹ̀ṣié Dòsú gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, ó ń wò wá bí ẹni tí kò gbọ́ èdè wa mọ́. Ó ní kí ló ń jẹ́ àáró? Ó ní òun gbọ́ lórí rédíò ìlú Faransé bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀ ti lọ nìyẹn, títí láé. Ó ní Sùlé ti di ọmọ Savalou tipẹ́. Ó tún wá ní àwọn náà ti to tiwọn rí, pàṣípààrọ̀ wo sì ni ẹ rò pé ó ṣe ìkíní? Tèmi! Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti rí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù í pín ni ẹgbẹ́ àwọn ti di ẹgbẹ́.

Orí mi tún yí. Bantè ní àwọn ló jèrè. Savalou ní àwọn ló jèrè. Ọjà wo ni èèyàn ń tà tí olùtà àti olùrà á jọ máa jó relé? Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ Dòsú, mi ò ní purọ́, àmọ́ kò dáhùn ìbéèrè tó ń dùn mí.

Dòsú ní ó ti kúrò lọ́wọ́ òun àti Alájì. Ẹni tó bá fẹ́ máa lọ sílé kó máa lọ. Mo wo Kọ́sì, Kọ́sì wò mí. Ẹni tó ti ń wá ilẹ̀kùn láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n ṣí i fún un tán, ó wá ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ṣé ẹ rí nǹkan?

A padà sí Bantè. Mo bá ìyá mi níbi tó ti ń fọ àwọn ìkòkò ìkómọ. Kọ́sì tẹ̀ lé mi, ó jókòó lórí odó tó dojú dé. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún ìyá mi. Mo wá bi í léèrè láìfi bò: "Ìyá mi, nínú àwa méjèèjì, ta lẹ fẹ́ kó dúró? Ṣé ẹ jèrè ni àbí ẹ pàdánù?"

Ó fi kànìnkànìn sílẹ̀. Inú bí i!

Ó ní, "Sùlé, ta ló ní mo pààrọ̀ ọmọ? Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ló pààrọ̀. Ọmọkùnrin kan ni mo ní. Wọ́n ní kí n yá àwọn, mo yá wọn. Wọ́n tún mú ọ̀kan wá, mo fún un lóúnjẹ. Ọmọkùnrin méjì ni mo ní báyìí. Èwo nínú ẹ̀ lẹ wá ní kí n dá padà?"

Mo sunkún. Kọ́sì náà sunkún, bó ṣe ga tó yẹn. Ìyá mi ní bí a bá ti sunkún tán, ká wá bá òun gbé àwọn ìkòkò wọlé.

Savalou ni mo padà sí nígbẹ̀yìn, iṣẹ́ irin mi wà níbẹ̀. Kọ́sì lọ kí àwọn òbí ẹ̀ ní Djaloukou, ó ṣe bíi ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún padà sí Bantè. Nígbà tí Savalou wá bá Bantè ju bọ́ọ̀lù, ìyá mi wá sí terẹ́ẹ̀nì fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní kó jókòó sápá Bantè, ó kọ̀. Ó lọ dúró síbi ìlà àárín gbùngbùn. Bí bọ́ọ̀lù bá ti wọlé, ó ń pàtẹ́wọ́, ibi yòówù kó wọ̀. Lámídì ń pariwo mọ́ ọn pé ìyá, ti àwọn ọ̀tá nìyẹn o! Ó tún pàtẹ́wọ́.

Ṣé ó yé mi báyìí? Kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Títí dòní, mi ò lè sọ ẹni tó jèrè. Ohun tí mo kọ́ ni pé ká máa fẹnu béèrè. Gbogbo wa jókòó jẹ́ẹ́, oníkálukú ń pa òfin mọ́, oníkálukú sì ń rò pé wọn ò fẹ́ òun mọ́. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ti bi ẹnì kejì léèrè ni, ǹ bá ti sùn dáadáa lóru púpọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rán yín lọ síbì kan rí, tí ẹ ò mọ̀ bóyá wọ́n ń retí yín nílé? Ẹ kọ tiyín síbí, mo fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan lórí ń dà rú fún!