Bí Mo Ṣe Gbé Àlùmọ́gàjí Dé Cochabamba

Bí ẹ bá rí obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì, tó gbé báàgì lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun, tó ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra títí tí awakọ̀ fi yí rédíò sókè kó má baà gbọ́ ọ mọ́, èmi nìyẹn. Nélida ni orúkọ mi. Ní àdúgbò wa ní Montevideo, èmi ni mo ń gẹrun fún tọmọdé tàgbà nínú yàrá iwájú ilé mi. Wílmar ọkọ mi wa bọ́ọ̀sì ìgboro títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá Arúgbó ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní Ìyá Arúgbó, bẹ́ẹ̀ n kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Tí mo bá bínú sí i, á ní ara mi ni kò tíì dàgbà, pé ẹnu mi ti lé lọ́gọ́rin.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Rosina. Ó lọ fẹ́ ọmọ Bolivia kan tó ń jẹ́ Grover, wọ́n sì ń gbé ní Cochabamba nílé ìyá ọkọ rẹ̀, Dóńyà Saturnina. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Amaru sí. Ọmọ náà ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta, a ò sì tíì fojú kàn án àfi nínú fóònù. Nígbàkígbà tí ojú mi bá yọ, á sá wọ ẹ̀yìn yẹ̀rì Dóńyà Saturnina, á di itan rẹ̀ mú. Èmi á máa rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọdé ni. Bí mo bá ti pa fóònù tán, màá lọ gbá yàrá tí mo ti gbá lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo ṣe máa rí lójú ọmọ yẹn títí ayé nìyẹn: ojú ńlá kan tó ń pariwo nínú fóònù.

Lọ́jọ́ kan Rosina pè.

"Màmá, a fẹ́ gẹ irun Amaru. Sátidé tó máa parí oṣù ni. Dóńyà Saturnina ní àfi kí ẹ̀yin àti Bàbá wà níbẹ̀, kí ẹ bá wa gẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń—"

"Má ṣàlàyé fún mi! Ta ló ń ṣàlàyé irun fún èmi?"

Kó tó dáhùn mo ti pa fóònù, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń sọ fún aládùúgbò pé nínú gbogbo Cochabamba, wọn ò rí ẹni tó mọ irun gẹ̀, èmi ni wọ́n ránṣẹ́ sí.

Mo ní ká wọ bàálù. Wílmar ní ohun tí òun kò bá lè rí ẹni tó ń wà á láti ibi tí òun jókòó sí, òun kò ní wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi bọ́ọ̀sì lọ. Mo di àlùmọ́gàjí mẹ́ta, ẹ̀rọ ìgẹrun, òòyà lóríṣiríṣi, aṣọ tí mo ń so mọ́ àwọn oníbàárà lọ́rùn, àti ike omi tí mo fi ń fín irun. Mo yẹ ẹrù ti Wílmar wò. Mo bá fúláàsì omi gbígbóná, ahá tó fi ń mu máte bí ẹni mu tíì, àti ewé máte tó lè tó ọmọ ogun mu.

"Bàbá Arúgbó, aṣọ ńkọ́?"

"Mo ti wọ̀ ọ́."

A fi ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Buenos Aires. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣe ara mi ní yẹ̀yẹ́. Mo lọ sí ilé ìtọ̀ ní gáréèjì, mo rí obìnrin kan tí wọ́n ba irun rẹ̀ jẹ́, mo sì dúró kí n sọ fún un bí wọ́n ṣe bà á jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bi mí. Nígbà tí mo jáde, mo sáré wọ bọ́ọ̀sì wa, mo jókòó ti ọkọ mi, mo fún un ní búrẹ́dì ẹlẹ́ran tí mo gbé wá láti ilé, mo sì ń ro ti irun obìnrin yẹn fún un. Ó jẹ búrẹ́dì náà tán, ó nu ẹnu, ó wá ní, "Ìyá, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ yín rí."

Ọkọ̀ yẹn, etí òkun ló ń lọ. Wílmar wà nínú ọkọ̀ kejì, ó ń wò mí láti ojú fèrèsé, ó ń mu máte rẹ̀.

"O rí mi, o ò pè mí?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn á rí àyè sọ̀rọ̀ ni."

Láti ibẹ̀ dé Salta, ẹ̀yìn awakọ̀ ló jókòó sí. Bí a bá ti dé kọ́nà, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ gbàgà, ó ń tẹ búrèkì tí kò sí níbẹ̀.

"Bàbá Arúgbó, ìwọ kọ́ lò ń wa ọkọ̀ yìí."

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà á. Ẹni tó wà níwájú yẹn ń kọrin."

Nígbà tí a dé ẹnubodè Bolivia, ọmọbìnrin tó ń yẹ ẹrù wò tú báàgì mi. Ó kó àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó kó òòyà sílẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ ìgẹrun sókè.

"Ìyá, ṣé ṣọ́ọ̀bù lẹ fẹ́ wá ṣí níbí?"

"Ṣọ́ọ̀bù kẹ̀? Irun ọmọ ọmọ mi ni mo ń lọ gẹ̀ ní Cochabamba. Wọn ò gẹ̀ ẹ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i."

Ojú rẹ̀ yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó to ẹrù mi padà bí ẹni ń to nǹkan ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ kú oríire, ìyá. Á dàgbà, á dògbó."

Mo gbé orí sókè kọjá lórí afárá. "O rí i bí wọ́n ṣe ń bọlá fún iṣẹ́ irun ní ìlú yìí? Ní Montevideo, ta ló kí mi kú oríire rí?"

Wílmar ti ń wá omi gbígbóná.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí Potosí, obìnrin kan tó gbé àpò àlùbọ́sà jókòó tì mí. Mo ròyìn irin àjò mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ta ni ìyá ìsàmì rẹ̀?" Mo ní kí ni ìyá ìsàmì ń wá níbi irun gígẹ̀, ṣé òun ni yóò di àlùmọ́gàjí mú ni? Obìnrin náà wò mí, ó sì fa àpò àlùbọ́sà rẹ̀ mọ́ra. Ẹlòmíì ìbá béèrè ìdí. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe ń gẹ irun ọmọdé fún un.

Potosí ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ìlú náà ga débi pé ó dà bí ẹni pé ẹnì kan jókòó lé mi láyà. Orí ń fọ́ mi, mo na ara sórí bẹ́ǹṣì ní gbàgede ìlú, n kò lè sọ ju "omi" lọ. Wílmar rìn yí gbàgede náà ká, ó rí omi gbígbóná nílé oúnjẹ kan, ó padà wá jókòó síbi ẹsẹ̀ mi pẹ̀lú ahá rẹ̀.

"Ìyá Arúgbó, ìlú yìí dára o. Omi wọn kì í gbóná jù, bí máte ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́ ló rí. Ibi gbogbo sì dákẹ́."

Mo fẹ́ bú u, èémí kò tó. Mo kàn búra nínú ọkàn mi pé bí mo bá lè padà délé, n kò tún ní wọ bọ́ọ̀sì tó bá kọjá ìpẹ̀kun òpópónà wa mọ́.

Àárọ̀ Fúráìdè la dé Cochabamba. Ooru ibẹ̀ tù wá lára, ẹnu mi sì padà sípò. Rosina dì mọ́ wa, ó sunkún. Dóńyà Saturnina bọ̀ wá lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, ó ní ká jẹun ká tó sọ̀rọ̀. Amaru ńkọ́? Ẹ̀yìn yẹ̀rì ló wà, bó ṣe máa ń wà nínú fóònù. Irun rẹ̀ ti dé ìdí, ó ti ta kókó bí irun dàda. Mo nawọ́ sí i, ó sá wọlé.

Rosina àti Grover lọ ra nǹkan ní ọjà. Wílmar lọ wo àwọn bọ́ọ̀sì ìlú náà. Dóńyà Saturnina wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń tu ìyẹ́ adìyẹ fún àsè ọjọ́ kejì. Ó ku èmi àti ọmọ tó fi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bojú.

Mo pè é, kò wá. Mo fi bisikíìtì hàn án, kò wá. Mo kọrin, ó tún sún sẹ́yìn, n kò sì dá a lẹ́bi. Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú báàgì mi. Mo gbé ike omi, mo fín in díẹ̀ sókè. Orí kan yọ. Mo tún fín in. Ó rẹ́rìn-ín. Mo fi ike náà lé e lọ́wọ́, ó fín in sí mi lójú, ó rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sílẹ̀. Ó wá dìde, ó gun itan mi fúnra rẹ̀, ó jókòó, ó ń fín omi sí ara ògiri.

Ẹ̀yin ará, ọmọ tí mo ti ń wá láti ọdún mẹ́ta wà lórí itan mi, òórùn ọṣẹ ń jáde lára rẹ̀. Kí ni èmi mọ̀ ọ́n ṣe tí orí bá dé iwájú mi? Àlùmọ́gàjí ti wà lọ́wọ́ mi. Mo di ìdì irun tó bò ó lójú mú, mo gé e.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Wílmar ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá Arúgbó! Dúró! Má gé e!"

Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tẹ ilẹ̀ gbàgà. Búrèkì náà kò mú, irun ti wà lọ́wọ́ mi.

"Kí ló dé?"

"Bàbá kan tí mo bá jókòó ní gbàgede ló ṣàlàyé fún mi. Wọn kì í fi ọwọ́ kan irun ọmọ níbí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa gẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹbí á pé. Ìyá ìsàmì ló ń gé ti àkọ́kọ́, wọ́n á gbé e sínú àwo òdòdó, àwọn tó kù á wá gé tẹ̀lé e. Ìyá Arúgbó, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣe é!"

Obìnrin alálùbọ́sà wá sí mi lọ́kàn, àti ọmọbìnrin ẹnubodè. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ Cochabamba là, kí n wọ inú rẹ̀ tàlùmọ́gàjí tàlùmọ́gàjí.

Dóńyà Saturnina gbọ́ ariwo, ó wọlé, ìyẹ́ adìyẹ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wo irun tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo iwájú orí ọmọ. Rosina náà dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọjà, ó sọ ọ́ sílẹ̀.

"Màmá! Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé!" Ó bú sẹ́kún.

"Dóńyà Saturnina, ẹ foríjì mí," ni mo sọ. "Òmùgọ̀ ni mí. Mo rò pé ẹ ò rí ẹni gẹrun ni. A máa padà lónìí."

Dóńyà Saturnina tẹjú mọ́ ọmọ tó ṣì jókòó lé mi lórí itan.

"Ṣé ó sunkún?"

"Rárá. Ẹ̀rín ló ń rín."

"Lọ́jọ́ ti Grover, ṣe ló gé bàbá ìsàmì rẹ̀ jẹ." Ó nu ọwọ́, ó gbé fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀ Casimira, ẹni tí wọ́n ti yàn gẹ́gẹ́ bí ìyá ìsàmì, tó yẹ kó wọkọ̀ wá láti Oruro. Èdè Quechua ni wọ́n sọ. N kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi orúkọ mi, lẹ́yìn náà ẹ̀rín tó ń bú jáde láti inú fóònù, tí kò tán bọ̀rọ̀.

"Àbúrò mi ní kí n kí yín," ni Dóńyà Saturnina wí. "Orúnkún ń dùn ún, ó ní òun ti ń ronú ẹni tí òun máa gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gé ti àkọ́kọ́ ni ìyá ìsàmì ọmọ. Ẹ ti gé e." Ó fa àga, ó jókòó kojú sí mi. "Ṣùgbọ́n ìyá ìsàmì kì í gbé inú fóònù o. Gbogbo ọdún Kánífálì, ẹ gbọ́dọ̀ wà níbí. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ẹ wà níbí. Bí kò bá ní ṣeé ṣe, ẹ sọ ọ́ báyìí, kí n mọ ohun tí màá wí fún ẹbí. Ṣé ẹ máa wá?"

Cochabamba kò ga tó Potosí, n kò lè sọ pé òkè ló dí mi lẹ́nu. Gbogbo kọ́nà ọ̀nà yẹn ló ń yí lójú mi, àti ìbúra tí mo ṣe lórí bẹ́ǹṣì. Amaru fín omi sí mi létí.

Wílmar ló dáhùn. "Ó máa wá, Dóńyà. Èmi ni mo máa ń wa ọkọ̀ náà."

"A máa wá," ni mo wí. N kò rí nǹkan mìíràn fi kún un, Rosina sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún.

Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n gbé ìdì irun ọjọ́ Fúráìdè sí àárín àwo òdòdó bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ la ṣe pète rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, aládùúgbò, gbogbo wọn gé tiwọn, ẹ ò rí irú ìgékúgé bẹ́ẹ̀ rí. Apá kan ga, apá kan pá, ó dà bí ìdí adìyẹ tó ń pa ìyẹ́ dà. Ọwọ́ ń hún mi. Bí mo bá ti na ọwọ́ sí báàgì mi, Dóńyà Saturnina á gbá a.

"Ìyá ìsàmì, ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Ẹ ti ṣe tiyín lánàá."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n tó jẹ́ kí n tún un ṣe.

Ní báyìí, bí Rosina bá pè, Amaru kì í sá mọ́. Á ti orí mọ́ fóònù kí n wò bóyá irun rẹ̀ ti tó gẹ̀, n kò wá rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́, àtàrí rẹ̀ nìkan ni. Kánífálì ń súnmọ́. Mo ti di báàgì mi, mo sì yẹ ti Wílmar wò lánàá. Fúláàsì ni mo bá níbẹ̀, ahá, àti ewé máte.

"Bàbá Arúgbó, aṣọ ńkọ́?"

Ẹ ti mọ ohun tó fi dá mi lóhùn.