Bátìrì Bàbá Aláago Kì í Kún

Orí òkè ni ilé wa wà, ìsàlẹ̀ sì ni iṣẹ́ bàbá mi wà. Aago ni wọ́n ń tún ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí wọ́n má lọ yí kọ́kọ́rọ́ aago ńlá ilé ẹjọ́ àti ti ibùdókọ̀ rélùwéè, Bàbá Aláago sì ni gbogbo ayé ń pè wọ́n.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, èmi ni mo máa ń jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wọn, aago oníbàárà á wà lórí itan mi. Bí a bá ti ń sọ̀kalẹ̀, bíréèkì á máa han gooro, rọ́bà rẹ̀ á máa rùn. Tí a bá dé ìsàlẹ̀, wọ́n á ní kí n fọwọ́ kan irin táyà. Á gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. Wọ́n á ní gbogbo òógùn tí àwọn fi gun òkè lánàá nìyẹn, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́ yẹn. Ó máa ń dùn wọ́n bí ẹni tí oúnjẹ dànù mọ́ lọ́wọ́. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn rọ́bà tó gbóná, àárò wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mí.

Ìyá mi ti kú, bàbá sì ti lé ní àádọ́rin ọdún, kí eékún wọn tó kọ òkè yẹn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì fún wọn. Ẹni tó tà á ṣàlàyé pé bí èèyàn bá tẹ bíréèkì, ẹ́ńjìnnì tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn á yí iṣẹ́ padà, á máa fa iná wọ inú bátìrì, fífà yẹn ló sì ń dá kẹ̀kẹ́ dúró. Bàbá ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní òógùn àwọn ti ń padà bọ̀ wálé.

Òógùn náà ò pọ̀ tó bí ọlọ́jà ṣe fẹnu pọ́n ọn. Odindi oṣù méjì ni bàbá fi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bí gígun òkè bá jẹ iná bátìrì ní ìdá mẹ́wàá, sísọ̀kalẹ̀ ń dá nǹkan bí ìdá kan padà nínú mẹ́wàá náà. Lójú títì tó tẹ́jú, kò mú nǹkan gidi wá. Mo ní ṣé torí èyí la ṣe ń pariwo? Wọ́n ní sípíríǹgì aago pàápàá kì í dá gbogbo ohun tí èèyàn fún un padà, díẹ̀díẹ̀ sì ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó tí iyè wọn ti ń ra ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lọ́jọ́ kan, bàbá ń wá awò ojú wọn káàkiri, ó wà lórí wọn. Èyí tó wá ká mi lára jù ni ti bátìrì. Iná kéékèèké márùn-ún ló wà lára rẹ̀, bí márààrún bá tàn, ó kún nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sùn lọ́dọ̀ wọn, mẹ́rin péré ló máa ń tàn láàárọ̀, wáyà tí wọ́n fi ń rọ iná sí i á wà nílẹ̀. Màá ní ẹ tún ti gbàgbé, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín ni wọ́n fi ń bo ìtìjú mọ́lẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fẹnu kò: bí ohun mìíràn bá tún ṣẹlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọ̀dọ̀ mi nísàlẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n wo àwọn aago ara ògiri, wọ́n bi mí pé ta ni yóò máa yí wọn. Àánú wọn ṣe mí, síbẹ̀ mi ò yí ohùn padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo yọ́ ki wáyà náà padà sí ara ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iná márààrún tàn. Èmi fúnra mi ni mo gbé bátìrì sára kẹ̀kẹ́, wọn ò sì yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé ọmọ wọn ló gbé e.

Kò pẹ́ tí aládùúgbò fi pè mí. Mo sáré dé ibi tí ọ̀nà òkè ti yípo, mo bá bàbá lórí koríko, ṣòkòtò ti ya, eékún ń ṣẹ̀jẹ̀.

Wọ́n ní kí n fọwọ́ kan irin táyà. Ó gbóná bíi ti ìgbà èwe mi.

"Ta ló jẹ́ kí bátìrì mi kún?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo rò pé ẹ gbàgbé ni."

"Mi ò gbàgbé. Mo fàyè sílẹ̀ fún òkè ni. Bátìrì tó bá ti kún kì í gba nǹkan kan mọ́. Bí kò bá sì gbà, ẹ́ńjìnnì ò ní di kẹ̀kẹ́ mú, bíréèkì ọwọ́ nìkan ló kù, òkè yìí sì jù ú lọ."

Wọ́n ní bátìrì tí wọn kì í rọ kún dẹ́nu kì í tètè darúgbó, gẹ́gẹ́ bí a kì í yí aago títí sípíríǹgì á fi le gan. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ wọ́n. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì," wọ́n ní, "ọjọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, èmi fúnra mi ni màá sọ fún ẹ. Má bá mi sọ ọ́."

A ò sọ̀rọ̀ kíkó kúrò mọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n tún lò lórí òkè, bátìrì kan náà ni wọ́n sì lò. Ní ọdún kẹfà, ó ṣì ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀, bó tilẹ̀ ń mí hẹlẹ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n délé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, bí mo ṣe ń wọṣọ iṣẹ́, fóònù mi dún. Ohùn wọn tutù, bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ fún oníbàárà pé aago rẹ̀ ò ṣeé tún ṣe mọ́.

"Bátìrì kún láàárọ̀ yìí," wọ́n ní. "Gbogbo iná márààrún ló tàn. Kò sì sẹ́lòmíì nílé yìí yàtọ̀ sí mi."

Wọ́n ní kí n máa bọ̀ wá mú àwọn, àmọ́ kí n kọ́kọ́ kó àwọn aago.